Nígbà Tí Wọ́n Fi Eto'o Gba Ibrahimović: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Tó Ń Lépa Orúkọ

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù àtàwọn ọ̀dọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Òṣogbo. Mo ti gé e kúrú díẹ̀.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ooru pẹ̀lú, torí mo rí i pé fáànù méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́fà.

Ìbéèrè tí wọ́n fi pè mí ni pé, ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù máa lépa àwọn gbajúmọ̀ nígbà tí ọjà agbábọ́ọ̀lù bá ṣí? Ìdáhùn mi kò gùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ibi tí ilé wọn ti ń jò. Tó bá jẹ́ gbajúmọ̀ ló lè dí ibẹ̀, kí wọ́n lọ mú un wá. Tí kì í bá ṣe òun, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ bá a ya fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2009. Barcelona ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife mẹ́ta ní sáà kan ṣoṣo. Samuel Eto'o, ọmọ Kamẹrúùnù, ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nínú àṣekágbá Champions League, ìdíje ńlá àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù, tí wọ́n fi na Manchester United ní Róòmù. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà, Barcelona mú Eto'o fún Inter Milan, wọ́n sì tún fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 46 owó yúrò lé e, kí wọ́n lè gba Zlatan Ibrahimović. Ẹ tún un gbọ́ o: wọ́n yọ̀ǹda ẹni tó ń gbá góòlù fún wọn, wọ́n tún sanwó lé e!

Ibrahimović kì í ṣe ọ̀lẹ. Góòlù 21 ló gbá wọlé ní sáà yẹn, Barcelona sì gba líìgì Sípéènì pẹ̀lú àmì 99. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìlú aró mọ ìkòkò aró. Tó bá ti dára, ẹni tó bá da nǹkan mìíràn sí i, kódà kí nǹkan ọ̀hún wọ́n bíi wúrà, àwọ̀ aṣọ yóò yí padà. Messi ń wá àyè wọ àárín, Ibrahimović sì dúró gbagidi sáàárín bí òpó.

Ní April 2010, Barcelona àti Inter pàdé ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Champions League. Inter na Barcelona 3-1 ní Milan. Nígbà tí wọ́n dé Camp Nou, réfírì lé Thiago Motta ti Inter jáde kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Ta lẹ rí tó sáré padà sẹ́yìn, tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá bí ẹni pé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni? Eto'o ni, agbágóòlù tí wọ́n tì kúrò nílé. Barcelona gbá ẹyọ kan wọlé, kò tó. Inter gba ife náà ní Madrid, Eto'o sì di ẹni tó gba ife mẹ́ta mẹ́ta lọ́dún méjì léra wọn pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí August tó parí, Barcelona ti yá AC Milan ní Ibrahimović.

Kì í ṣe owó ńlá ni mo ń bá wí. Ní January 2018, Liverpool ta Philippe Coutinho, ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn pọ̀ jù lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ wọn, fún Barcelona. Oṣù yẹn kan náà ni Virgil van Dijk dé láti Southampton pẹ̀lú mílíọ̀nù 75 owó pọ́n-ùn. Kò sí adẹ́yìnmú tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ní May, aṣọ́lé wọn ṣe àṣìṣe ńlá méjì nínú àṣekágbá Champions League ní Kyiv. Wọ́n lọ ra aṣọ́lé mìíràn, Alisson. Ẹ ò rí i? Ẹ̀yìn ń jò, wọ́n dí ẹ̀yìn. Ojú ilé ń jò, wọ́n dí ojú ilé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú Champions League, Barcelona na Liverpool 3-0, Liverpool sì san án fún wọn ní 4-0 ní Anfield. Coutinho wà lórí pápá lọ́jọ́ yẹn, nínú aṣọ Barcelona.

Ti PSG, ẹgbẹ́ ìlú Paris, kò gba àlàyé púpọ̀. Neymar, mílíọ̀nù 222 owó yúrò, 2017. Messi, 2021. Mbappé wà níbẹ̀. Gbogbo wọn lọ tán kí PSG tó gba Champions League ní 2025, tí wọ́n fi 5-0 na Inter.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ dìde níbí yìí. Wọ́n ní, “Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ náà ń fa oníbàárà o. Tí n bá gbé aṣọ tó dára jù sójú ìsọ̀, wọ́n á ra ti inú ilé náà.” Màmá, òótọ́ ni. Ìsàlẹ̀ pátápátá ní agbègbè wọn nínú líìgì Amẹ́ríkà ni Inter Miami wà nígbà tí Messi dé ní 2023. Kí August tó parí, wọ́n ti gba ife kan, Leagues Cup. Ṣùgbọ́n Messi ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tó ni Miami sì lówó, jẹ́sì tí wọ́n bá tà ń mówó wọlé fún wọn. Níbí ńkọ́? Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ inú líìgì wa. Jẹ́sì tẹ́ ẹ rí lọ́jà Old Garage, mélòó nínú owó rẹ̀ ló ń dé ọwọ́ ẹgbẹ́?

Mo ti ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ kan rí tí n kò ní dárúkọ. Bọ́ọ̀lù kọ́nà ló ń pa wá. Gbogbo kọ́nà ni ọkàn mi ń já. Àwọn ọ̀gá wá lọ mú agbágóòlù kan tó ti wọ aṣọ Super Eagles rí. Ọjọ́ tó dé, ìlù ń dún, fọ́tò ń lọ lọ́tùn-ún lósì. Owó ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ san, owó oṣù àwọn ọmọ inú kámpù sì dúró. N kò bínú sí ọkùnrin náà. Èèyàn dáadáa ni, òun ló máa ń ra mọ́ínmọ́ín fún gbogbo wa. Orúnkún rẹ̀ ni kò gbà fún un mọ́. Góòlù kan ṣoṣo ló gbá, pẹ̀nárítì sì ni. Ọmọ ọdún 19 tó ń gbá ipò yẹn tẹ́lẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ lóru, ó lọ. Aṣọ́lé wa ṣì ń fi gílọ́ọ̀fù tí wọ́n fi òwú rán mú bọ́ọ̀lù, kọ́nà sì ń wọlé.

Ẹ rántí Shooting Stars ti Ìbàdàn ní 1976, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà. Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n nà, ẹgbẹ́ tí Roger Milla ń gbá fún. Ta ni Ìbàdàn rà? Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ń ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn lọ́hùn-ún ni. Ó kàn jẹ́ pé ẹnì kan lajú, ó sì rí i.

Lẹ́yìn tí mo parí, ọmọkùnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Sà, tí Lookman ti Super Eagles bá ní òun ń bọ̀ wá gbá fún wa ní Òṣogbo lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ní èmi fúnra mi ni máa lọ gbé e ní Old Garage. Ṣùgbọ́n kí n tó gbéra, máa pe akọ́nimọ̀ọ́gbá, máa bi í pé ta ni yóò jókòó fún Lookman.