Ìdákọ̀ró Ara Bọ́tìnì: Bí A Ṣe Ń Wá Ìwé Ogun Àwọn Baba Ńlá Wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Kétu àti Ṣábẹ̀ tó ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí a tún kọ fún àwọn tí kò ráàyè wá

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mú fóònù dání, mo kí yín.

Ọ̀pọ̀ agboolé ní Kétu àti Ṣábẹ̀ ló ń sọ pé baba àwọn kan bá Faransé jagun. Ẹ bi wọ́n pé irú ogun wo, wọ́n á ní ogun ojú omi ni. Ẹ ní báwo ni ẹ ṣe mọ̀, wọ́n á mú bọ́tìnì idẹ kan jáde, tàbí fọ́tò tó ti ń ṣá: ìdákọ̀ró wà lára aṣọ baba. Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju èyí lọ: ìdákọ̀ró yẹn nìkan kò tó láti sọ baba di atukọ̀. Ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ lọ wá ìwé lọ́dọ̀ àwọn atukọ̀, àfàìmọ̀ kó má wá a títí láìrí i.

Ìdí rẹ̀ rèé. Títí di 1900, abẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ ogun ni àwọn sójà Faransé tó ń jà nílẹ̀ òkèèrè wà. Infanterie de marine ni orúkọ wọn, àmọ́ orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń jà. Alfred Dodds, ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, tó kó ogun ja Béhanzin, ọba Dàhómì, ní 1892, ara wọn ni. Òfin oṣù July 1900 kó wọn lọ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ ogun orí ilẹ̀, wọ́n sì di infanterie coloniale, ṣùgbọ́n ìdákọ̀ró kò kúrò lára aṣọ wọn. Àwọn tirailleurs sénégalais, àwọn sójà adúláwọ̀ tí Faidherbe, gómìnà Faransé ní Sẹ̀nẹ̀gà, dá sílẹ̀ ní 1857, wà nínú agbo yìí kan náà. Ẹ má jẹ́ kí "sénégalais" tàn yín jẹ: ọmọ Kétu o, Bàrìbá o, Mọ̀sí o, orúkọ kan náà ni Faransé fi pe gbogbo wọn.

Ìtàn pé "òkun ló gbé baba lọ" náà máa ń ṣi ni lọ́nà. Ọkọ̀ Afrique, ti ilé-iṣẹ́ Chargeurs Réunis, gbéra ní Bordeaux ní January 1920, ó sì rì ní etíkun Faransé lóru ọjọ́ 11 mọ́jú ọjọ́ 12. Ó lé ní 500 ènìyàn tó bá a lọ, àwọn tirailleurs tó ń padà sílé lẹ́yìn ogun sì wà nínú wọn. Inú òkun ni wọ́n kú sí, síbẹ̀ sójà orí ilẹ̀ ni wọ́n.

Níbo la ti wá máa bẹ̀rẹ̀? Nílé ni. Ẹ wá livret militaire, ìwé kékeré tí wọ́n fún sójà, nítorí inú rẹ̀ ni nọ́ńbà matricule wà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá sójà mọ̀. Bí ìwé bá ti jẹ́ oúnjẹ ikán, ẹ mú mẹ́dàlì.

Ẹ yí mẹ́dàlì náà sẹ́yìn. Croix de guerre, tí Faransé dá sílẹ̀ ní 1915, ọdún ló wà lẹ́yìn rẹ̀: 1914-1915, 1914-1916, títí dé 1914-1918, ti ogun kejì ń jẹ́ 1939. Ẹ wo ohun tó wà lára ọ̀já rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ìràwọ̀ idẹ, ọ̀gá rẹ́jímẹ́ǹtì tàbí brigade ló yìn ín. Ìràwọ̀ fàdákà ju ìyẹn lọ, ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà tún ju fàdákà lọ, imọ̀ ọ̀pẹ ló sì ga jù. Ohun tí baba ṣe tí wọ́n fi yìn ín, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ká máa wá. Médaille militaire ní tirẹ̀ ní "Valeur et discipline" lẹ́yìn, àwọn sójà kékeré àti sájẹ́ǹtì ni wọ́n sì sábà máa ń fún. Orúkọ àwọn tó gbà á wà nínú Journal officiel, ìwé ìkéde ìjọba Faransé, tí ẹ lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Gallica, ibi ìkàwé Faransé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mẹ́dàlì Faransé kì í sábà ní orúkọ ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà àti orúkọ tí wọ́n fín sí etí mẹ́dàlì ogun 1914-1918, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò yẹ kó yà yín lẹ́nu. Nígbà tí Faransé ń fipá kó àwọn ọ̀dọ́ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu sá gba ọ̀nà Mẹ̀kọ lọ sí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tó sá fún sójà Faransé lè wọ ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà náà ọ̀dọ̀ Faransé kọ́ ni ìwé rẹ̀ wà.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ìràwọ̀ dúdú tó wà láàárín àgbélébùú funfun: Étoile noire du Bénin. Àjàṣẹ́ yìí la ti dá a sílẹ̀! Ọba Tofa ló dá a sílẹ̀ ní December 1889. Faransé wá sọ ọ́ di tiwọn, wọ́n ń fún àwọn ènìyàn wọn títí di 1963. Bí ó bá wà nílé yín, baba lè jẹ́ ìjòyè tàbí akọ̀wé ìjọba. Kò dandan kó jẹ́ sójà.

Orúkọ ló le jù nínú iṣẹ́ yìí. Akọ̀wé Faransé kò gbọ́ Yorùbá, ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ló ń kọ. Òjó di Odjo, Adéṣínà di Adéchina, Ògúndélé lè jẹ́ Ogoundélé tàbí Ogoudélé. Ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí Faransé lè gbà kọ orúkọ náà kí ẹ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ orí náà, ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó: "né vers 1895," ìyẹn ni pé wọ́n bí i ní nǹkan bí 1895. Ọ̀tọ̀ ni pé àwọn olóyè kan máa ń fi ọmọ ẹlòmíràn rọ́pò ọmọ tiwọn, onítọ̀hún á sì fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ jagun. Irú èyí, ẹnu àwọn ìyá àgbà nìkan ló lè tú u. Mo gbà pé oríkì orílẹ̀ àti orúkọ ìyá baba wúlò ju ìwé márùn-ún lọ níbẹ̀.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ sí Mémoire des hommes, ti ilé-iṣẹ́ ológun Faransé. Ìwé àwọn tó kú nínú ogun àkọ́kọ́ tó lé ní mílíọ̀nù 1.3 wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn tó kú ni mo wí o. Baba tó padà wálé, tó fẹ́yàwó, tó bí yín, ẹ má wá a láàárín wọn. Ilé ìpamọ́ ìwé àwọn ológun tó wà ní Pau, ní gúúsù Faransé, ni kí ẹ kọ̀wé sí fún ti sójà lásán. Èyí tó wà ní Vincennes, nítòsí Paris, ni ti ọ́físà. Bó bá sì wá jẹ́ pé atukọ̀ ni baba lóòótọ́, àwọn ilé ìpamọ́ ìwé tó wà ní èbúté ogun ni ẹ ó lọ: Brest, Cherbourg, Lorient, Rochefort, Toulon. Ní tòsí wa níhìn-ín, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà ní Ouando, ẹ má fò ó dá.

Ìyá kan bi mí bóyá owó wà níbẹ̀. Rárá, ìyá mi. Òfin 1959 ni Faransé fi dá owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà wa dúró sójú kan. Àárín 2007 sí 2011 ni wọ́n tó mú un dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ọmọ Faransé, ẹni tó sì ti kú kì í fi owó ajagunfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun lè bá yín gba gbèsè Faransé, ẹ lé e jáde.

Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí Pau, èdè Faransé ni kí ẹ fi kọ ọ́, kó má gùn. Ẹ kọ orúkọ ní gbogbo ọ̀nà tó lè gbà wà, abúlé, ọdún ìbí ní ìfojúbù, rẹ́jímẹ́ǹtì àti nọ́ńbà matricule bó bá wà. Ẹ fi fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn mẹ́dàlì sí i. Mẹ́dàlì fúnra rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.