Bí A Ṣe Ń Fi Sípírìn Mọ́tò Ṣe Ọ̀bẹ Ọdẹ: Iná Ló Ni Iṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ohun tó wà lórí tábìlì níwájú mi yìí, ewé sípírìn abẹ́ bọ́ọ̀sì Hiace ni. Owódé-Onírin ni mo ti rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù irin. Inú rẹ̀ la ti máa yọ ọ̀bẹ ọdẹ kan lónìí. Wọn ò bí mi sí agboolé alágbẹ̀dẹ, eré ọwọ́dilẹ̀ ni mo fi ṣe, torí náà ẹ má wá owú tàbí ẹwìrì níbí. Ẹni tó bá ti ní fáìlì méjì, ayùn irin, dírílì àti báìsì tí a fi ń di irin mú, tó sì ní sùúrù, á ṣe é lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ sípírìn? Irin tó máa di ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ ní kábọ̀n tó pọ̀ díẹ̀ nínú, nítorí kábọ̀n ló ń jẹ́ kó le tí a bá ti inú iná rì í sínú epo. Sípírìn mọ́tò sábà máa ń ní tó 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ irin ọ̀pá tí àwọn bíríkìlà ń gé dànù ní ibi ìkọ́lé kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè pọ́n ọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ẹ tó gé àlùbọ́sà méjì, á ti kúnu. Bí ẹ bá fẹ́ dán irin kan wò, ẹ fi ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin kàn án. Tí ìtàpàrà iná rẹ̀ bá ń pẹ̀ka, tó ń fọ́n káàkiri, kábọ̀n wà níbẹ̀. Tó bá kàn ń jáde gbọọrọ láìpẹ̀ka, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Irin tí wọ́n fi síńkì bò ńkọ́, irú àwọn páìpù omi àtijọ́? Ẹ má gbé e súnmọ́ iná rárá. Èéfín síńkì máa ń dá ibà sí èèyàn lára.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ sípírìn yìí dáadáa. Irin tó ti ru ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ti sán, kí ojú má sì rí i. Mo fi kẹrosíìnì pa á, mo jẹ́ kó rin díẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo wá fi ṣọ́ọ̀kì funfun kùn ún. Ibi tó bá ti sán, kẹrosíìnì á padà yọ jáde níbẹ̀, á fa ìlà sára ṣọ́ọ̀kì. Èyí mọ́, kò sí ìlà kankan.

Sípírìn ti le tẹ́lẹ̀, fáìlì ò lè mú un bẹ́ẹ̀, ó sì tún tẹ̀. Nítorí náà mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa. Wọ́n fi iná rọ̀ ọ́, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n sì lù ú fẹ́lẹ́ títí tó fi ku mìlímítà 5. Ẹ má ṣe agídí lórí èyí, owó tí ẹ máa fún wọn kéré sí owó fáìlì tí ẹ máa jẹ́ run. Nígbà tí mo gbé e délé, mo tún dá a padà sínú iná èédú títí tó fi pọ́n, mo wá rì í mọ́lẹ̀ sínú eérú gbígbẹ, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó hú u. Bó ṣe tutù díẹ̀díẹ̀ yẹn ló mú kó rọ̀.

Ó kan ìrísí. Ẹ ya á sórí páálí kí ẹ gé e, kí ẹ dì í mú bí ẹni dì ọ̀bẹ mú, kí ẹ mọ̀ bóyá ó bá ọwọ́ yín mu. Bob Loveless, ará Amẹ́ríkà tó di olóògbé ní 2010, ló sọ ọ̀bẹ ọdẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọra ń wálẹ̀ dé ṣóńṣó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ìrísí yẹn dáa púpọ̀, torí ṣóńṣó rẹ̀ kì í tètè gún ìfun tí a bá ń la ikùn ẹran. Ìyẹn ni mo yá lò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ikùn wọn yọ rọ̀bọ̀tọ̀ nítorí pé ẹran tí wọ́n máa bó awọ rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ọdẹ tiwa kì í sábà bó ọ̀yà tàbí ẹtu, iná ni wọ́n fi ń jó irun rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀bẹ wọn ń ṣe ni kó la ikùn, kó gé oríkèé, kó gé okùn, kó bẹ́ igi kékeré nígbà mìíràn. Nítorí náà mo dín ikùn rẹ̀ kù. Ojú ọ̀bẹ yìí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, èèkù jẹ́ 12.

Mo ti fi máákà ya páálí sórí irin, mo sì ti fi ayùn gé e. Mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Fáìlì ni mo fi tún etí rẹ̀ ṣe. Ẹ lu ihò èèkù nísinsìnyí, méjì fún ọ̀pá idẹ tó máa di igi èèkù mú, ọ̀kan fún okùn, torí tí irin bá ti le tán, bíìtì dírílì lásán ò ní wọlé mọ́. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ lo dírílì o, bíìtì lè ká a mọ́ ìka. Awò ojú ni kí ẹ má bọ́.

Àbúrò, sún kámẹ́rà mọ́ ibí. Ẹ rí bíìtì yìí? Bó ṣe nípọn ni irin ọ̀bẹ náà ṣe nípọn gẹ́lẹ́. Mo tẹ́ ọ̀bẹ sórí tábìlì, mo tẹ́ bíìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wá fi ṣóńṣó bíìtì ha etí ọ̀bẹ láti ìdí dé ṣóńṣó. Ìlà tó fà yìí bọ́ sí àárín gan-an. Tí mo bá yí ọ̀bẹ padà tí mo tún ha á, ìlà kejì á hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ tí kò bá bọ́ sí àárín dáadáa. Ìlà yìí ni fáìlì kò gbọdọ̀ kọjá.

Ẹ wá máa ti fáìlì síwájú, ẹ gbé e sókè, ẹ dá a padà. Ẹ má fi í ṣe síwá-sẹ́yìn bíi ti ayùn káfíńtà, eyín rẹ̀ á kú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì díẹ̀. Ẹ dúró nígbà tí ẹnu ọ̀bẹ bá ku bíi mìlímítà 1. Ẹ má jẹ́ kó mú rárá báyìí, nítorí ẹnu tó bá fẹ́lẹ́ jù ló máa ń lọ́ tàbí kó sán nínú epo.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Mo rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lo gbogbo ọjọ́ lórí kí ọ̀bẹ máa dán, tí wọ́n wá ń sáré kọjá níbi iná. Ọ̀bẹ tó dán tí iná rẹ̀ kò pé, ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri ni.

Ríìmù mọ́tò tí mo fi amọ̀ rẹ́ nínú ni àdògán mi, èédú ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń gbẹ irun ló ń fẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣe é, lábẹ́ òjìji. Nínú oòrùn, irin tó ti gbóná kọjá ààlà á ṣì máa dúdú lójú yín. Mágínẹ́ẹ̀tì tó so mọ́ wáyà yìí, inú sípíkà tó bàjẹ́ ni mo ti yọ ọ́. Nígbà tí irin bá gbóná dé nǹkan bíi 770 lórí òṣùwọ̀n Selsíọ̀sì, mágínẹ́ẹ̀tì kì í fà á mọ́. Ẹ wò ó: ó fà á... ó ṣì ń fà á... ó ti jọ̀wọ́ ẹ̀.

Mi ò tíì ní rì í sínú epo. Mo yọ ọ́, mo gbé e kọ́ sínú afẹ́fẹ́ títí tí pupa rẹ̀ fi pòórá pátá. Ìgbà mẹ́ta ni mo máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ń jẹ́ kí hóró inú irin, àwọn wóró kéékèèké tó so pọ̀ di irin, kéré, kí ara rẹ̀ sì balẹ̀ lẹ́yìn ìlùkulù àti fáìlì tó ti jẹ. Bí ẹ bá ní àjẹkù sípírìn yẹn, ẹ mú ẹyọ kan le láìṣe èyí, kí ẹ jẹ́ kí iná pa á lára, kí ẹ wá dá a sí méjì nínú báìsì. Hóró inú rẹ̀ á rí gbàǹgbà, ojú lásán á máa rí i. Irú irin bẹ́ẹ̀ á dá mọ́ oríkèé ẹran.

Epo wá ńkọ́? Òróró tí a fi ń dín nǹkan ni, lítà mẹ́rin nínú agolo onírin tó ní ìdérí. Mo ti mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 50 sí 60 lórí Selsíọ̀sì, torí òróró tútù máa ń ki jù, kò ní tètè gba ooru kúrò lára irin. Mo mọ̀ pé omi ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ wa ń lò, ó sì bá irin tí wọ́n ń rọ mu. Sípírìn nínú omi lè sán fààà. Epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò ò dáa náà, èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú.

Mágínẹ́ẹ̀tì ti jọ̀wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo jẹ́ kó pọ́n díẹ̀ sí i, kí gbogbo ojú rẹ̀ ní àwọ̀ kan náà láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó yá. Ṣóńṣó ló kọ́kọ́ wọlé, ó lọ tààrà! Sókè-sódò ni mo ń mì ín, mi ò mì ín sí ẹ̀gbẹ́, kó má baà tẹ̀. Iná yẹn tó sọ lórí epo kì í ṣe nǹkan tuntun, ìdérí rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi. Ẹ má ṣe bu omi sí iná epo láéláé.

Fáìlì náà la fi máa mọ̀. Mo fi í fa ẹnu ọ̀bẹ: ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún kirirín? Ó ń yọ̀ lórí rẹ̀, kò mú un. Ó ti le.

Ó le ju bó ṣe yẹ lọ pàápàá. Bí ó bá já lọ́wọ́ mi sórí sìmẹ́ńtì báyìí, ó lè fọ́. Nítorí náà kó tó di pé ilẹ̀ ṣú, inú ófúnù gáàsì ló ń lọ, 200 lórí Selsíọ̀sì, wákàtí méjì, kó jáde kó tutù, kó tún padà wọlé fún wákàtí méjì mìíràn. Ẹ ra tẹmómítà ófúnù, nọ́ḿbà ara ófúnù gáàsì wa, irọ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi sáńdípépà fá ojú kan kó dán kí ẹ tó gbé e sínú ófúnù, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá rí àwọ̀ búlúù lẹ́nu rẹ̀, ó ti rọ̀ jù, ẹ padà sí ìdí iná.

Ẹgbẹ́ American Bladesmith Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ní ìdánwò kan fún ẹni tó bá fẹ́ gba oyè lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀bẹ onítọ̀hún á gé okùn tó so rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, á bẹ́ pákó, á ṣì tún lè fá irun apá lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ nínú báìsì dé dígírì 90, kò sì gbọdọ̀ dá sí méjì. Kò sí dídán kankan tó lè gba ọ̀bẹ là níbẹ̀.

Èèkù ò le. Igi apá gbígbẹ ni mo lò, àjẹkù tí mo tọrọ lọ́wọ́ káfíńtà. Ẹ fi ìbòmú sí, pàápàá tó bá jẹ́ ìrókò lẹ fẹ́ lò, eruku rẹ̀ ń bínú sí imú àti awọ ara. Orí igi tó máa kọjú sí ojú ọ̀bẹ, ẹ fá a, kí ẹ jẹ́ kó dán tán kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Tó bá ti lẹ̀, fáìlì ò ní dé ibẹ̀ mọ́ láìha irin. Ẹ fi tíńà nu irin, ẹ po gọ́ọ̀mù Araldite, ẹ ti ọ̀pá idẹ bọ ihò, ẹ fi kílámpù dì í. Ẹ má dì í pa, gbogbo gọ́ọ̀mù á sá jáde. Ó di ọ̀la kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Pípọ́n ló kù. Òkúta ìpọ́nbẹ, omi díẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbé sókè ní nǹkan bíi dígírì 20. Ẹ pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan títí ẹ ó fi fi àtàǹpàkò gbọ́ pé ẹnu rẹ̀ ti yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ tó yí i padà.

Tí ẹ bá fẹ́ rán àkọ̀ awọ fún un, ẹ fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín, níbi tí ẹnu ọ̀bẹ máa dojú kọ òwú. Àìsí awọ yẹn ni idà fi ń wó ilé ara rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rántí pé òfin ibẹ̀ kò gbà kí èèyàn gbé irú ọ̀bẹ yìí káàkiri ìgboro láìní ìdí pàtàkì, ẹ fi í sílé títí ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sóko.

Sípírìn máa ń dípẹtà. Tí ọ̀bẹ bá ti ìgbẹ́ dé, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, kí ẹ fi í sí ọ̀tọ̀, kí àkọ̀ rẹ̀ náà wà lọ́tọ̀. Ẹni tí iná rẹ̀ bá ṣe wàhálà, kó kọ irú irin tó lò àti irú epo tó rì í sí sísàlẹ̀ fídíò yìí, màá dá a lóhùn.