Táwẹ́ẹ̀lì Microfiber: Ìfọṣọ Ló Ń Bà Á Jẹ́

Ẹ wo táwẹ́ẹ̀lì microfiber méjì tó wà lọ́wọ́ mi yìí, irú tí a fi ń nu ọkọ̀. Inú ọ̀rá kan náà ni wọ́n ti jáde, owó kan náà ni wọ́n fi rà wọ́n. Ti ọwọ́ òsì rí múlọ́múlọ́. Ti ọwọ́ ọ̀tún ti gan. Ẹ jẹ́ kí n fi ra ara máìkì kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Oníbàárà mi kan ló gbé e wá, inú ń bí i, ó ní wọ́n ta gbàrọgùdù fún òun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bá yín fọ̀ ọ́?" Ó ní àbúrò ìyàwó òun ni, pé ó máa ń kó o pọ̀ mọ́ aṣọ ilé. Mo ní ọ̀rọ̀ ti yé mi.

Nítorí náà, bí a ṣe ń yan táwẹ́ẹ̀lì, mo máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n kíá ni màá sọ ọ́. Bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti nu ọkọ̀ tán, ibẹ̀ ni mo ń lọ. Bí a ṣe ń da omi sára ọkọ̀, bí a ṣe ń po ọṣẹ, ẹ ti mọ ìyẹn, mi ò ní fi da yín láàmú.

Pólísítà àti náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe microfiber. Wọ́n á fa méjèèjì pọ̀ di fọ́nrán kan, wọ́n á wá la fọ́nrán yẹn sí wẹ́wẹ́, débi pé yóò tín-ín-rín ju òwú sílíìkì lọ. Ará Japan kan, Miyoshi Okamoto, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Toray, ló kọ́kọ́ fi irú fọ́nrán tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ṣe aṣọ tó jọ awọ, lọ́dún 1970. Kò sẹ́ni tó ń ro ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fífọ̀ mọ́ ọn nígbà yẹn. Èyí tó kàn wá níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n bá ti la fọ́nrán náà, àlàfo á wà láàárín ẹ̀là kan sí èkejì. Síńgílẹ́ẹ̀tì àlòkù tí àwọn ọmọ káwọ́ọ̀ṣì fi ń nu ọkọ̀, ṣe ló ń ti ìdọ̀tí síwájú, tó ń wọ́ ọ lórí ọ̀dà. Ti microfiber, inú àlàfo yẹn ni ìdọ̀tí ń kó sí, á sì dúró síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Á DÚRÓ SÍBẸ̀. Kì í ṣà á, kì í yàn án. Bó bá kan eruku, á mú eruku. Bó bá kan iyanrìn, á mú iyanrìn. Bó bá kan fọ́nrán táwẹ́ẹ̀lì ìwẹ̀ yín nínú omi ìfọṣọ, á mú un pẹ̀lú. Ohun tí ẹ torí ẹ̀ rà á náà ni ohun tó lè fi pa ọ̀dà ọkọ̀ yín lára.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ra ọjà. Ẹ yí ọ̀rá ẹ̀ padà, kí ẹ kà á. Pólísítà 80 nínú ọgọ́rùn-ún, náílọ́ọ̀nù 20, ó dáa. 70 sí 30, ó tún rọ̀ jùyẹn lọ, òun ni mo fẹ́ràn fún ọkọ̀ dúdú. Bí wọ́n bá kọ pólísítà nìkan sí i, ẹ fi nu dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má jẹ́ kó dé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo GSM. Kì í ṣe ti fóònù o! Ìwúwo aṣọ ni, iye gíráàmù tó wà nínú mítà kan níbùú-lóròó. Láti 200 sí 300, ó fẹ́lẹ́, inú ọkọ̀ àti gíláàsì ló wà fún. Láti 350 sí 450, òun ni ẹ ó fi nu wáàsì àti pólíṣì kúrò. Èyí tó bá ti ń lọ sí 600 sókè, tó nípọn, tó ní irun gígùn, òun ni ẹ ó fi gbẹ omi lára ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé èyí tó wúwo jù ló dáa jù fún gbogbo nǹkan. Ẹ fi 800 nu gíláàsì, kí ẹ wá wo bí gbogbo ojú gíláàsì ṣe máa rí ràkọ̀ràkọ̀.

Etí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ yípo. Àwọn kan wà tí wọ́n fi okùn náílọ́ọ̀nù líle rán etí wọn. Okùn yẹn ló ń họ ọ̀dà, kì í ṣe aṣọ gan-an. Èyí tí wọ́n gé láìrán, tí kò létí rárá, ni mo máa ń rà. Lébẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n rán mọ́ igun, ẹ tú u kúrò kí ẹ tó lò ó. Ẹ má gé e ku díẹ̀ o, kùkùté ẹ̀ le ju òun fúnra ẹ̀ lọ. Ẹ tú okùn ẹ̀ pátápátá.

Ẹ lè dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tó gbẹ kọjá lórí ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí fọ́nrán ẹ̀ bá ń há mọ́ ibi tí awọ ọwọ́ yín ti le, wọ́n là á dáadáa. Bí ọwọ́ yín bá ń yọ̀ lọ gbẹrẹ láìkan nǹkan kan, ẹ fura. Ẹ ta omi díẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹ fà á kọjá lórí omi yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ojúlówó á fa omi náà mu. Ayédèrú á kàn máa lé e kiri. Àwọn tí wọ́n ń tà láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí mọ́tò ti ń fọn fèrè lẹ́yìn yín, níbo lẹ ti fẹ́ rí àyè dán an wò? Ẹ rà á, kò burú, kí àwọn ọmọ lè jẹun. Àmọ́ táyà ni kí ẹ fi nù.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ẹ ó ní ojú mẹ́jọ. Ojú kan dọ̀tí, ẹ yí i padà. Ìyẹn ti tó lórí ìyẹn.

Àfi ti ọyẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, nígbà ọyẹ́, tí ẹ bá jí láàárọ̀ tí eruku pupa ti bo ọkọ̀, ẹ má fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ nù ún. Mo mọ̀ pé ọ́fíìsì ń dúró dè yín. Ẹ da omi sí i lára kí eruku kọ́kọ́ ṣàn kúrò. Ọ̀dà tó ń dán lókè pátápátá, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kílíà, kò nípọn tó ewé ìwé kan. Iyanrìn inú eruku yẹn ni yóò máa ha á, láàárọ̀ dàárọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ yín síta lọ́sàn-án gangan kí ẹ wo ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì: ìlà wẹ́wẹ́ tó ń yí po yí po níbi tí oòrùn ti ń tàn án, ọwọ́ tó ń nu ọkọ̀ ló fà á.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í.

Ìyá ìyá mi ta ògì ní Ìkirè títí tó fi darúgbó. Aṣọ kan wà tó fi ń sẹ́ ògì. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi nuwọ́ nínú ilé yẹn, kódà bàbá wa ò tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti sẹ́ ẹ tán báyìí, kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n tó mu omi, wọ́n á ti ṣan aṣọ yẹn, torí bí eèrí bá fi gbẹ mọ́ ọn lára, ó ti di. Wọn kì í fi ọṣẹ olóòórùn fọ̀ ọ́. Wọn kì í kó o pọ̀ mọ́ aṣọ ẹnì kankan. Okùn tirẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: bí ẹnì kan bá lọ fi òróró pa aṣọ yẹn, ṣé omi ògì á tún kọjá lára ẹ̀? Ohun tí ẹ ń ṣe fún microfiber yín gan-an nìyẹn nígbà tí ẹ bá da Comfort tàbí Downy sí omi ìkẹyìn! Ohun tó ń mú aṣọ rọ̀ yẹn, ọ̀rá ló fi ń bo fọ́nrán. Àlàfo tí ẹ sanwó fún ti dí. Aṣọ á máa ta sánsán, á rọ̀ lọ́wọ́ yín, kò sì ní lè fa omi, kò ní lè mú eruku. Ẹ̀yin á wá ní wọ́n ta gbàrọgùdù fún yín.

Ẹ MÁ FI OHUN TÓ Ń MÚ AṢỌ RỌ̀ SÍ I. Mo tún un sọ. Ẹ MÁ FI SÍ I, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ̀yin ará Houston, tẹ́ ẹ ń lo ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, ewé olóòórùn tí ẹ máa ń jù sínú ẹ̀ yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ yọ ọ́. Ẹ sì dín ooru ẹ̀rọ náà kù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, tàbí kí ẹ pa ooru ẹ̀, kó máa fi afẹ́fẹ́ lásán yí i.

Nítorí iná ni ọ̀tá kejì. Pólísítà ni, ẹ má gbàgbé. Ooru tó bá pọ̀ á ba ṣóńṣó fọ́nrán yẹn jẹ́, á sùn pẹlẹbẹ, á le. Ẹ wo ti ọwọ́ ọ̀tún mi yìí nítòsí, ẹ sún mọ́ ọn. Ṣé ẹ rí i bí irun ẹ̀ ṣe sùn pẹlẹbẹ, tí orí wọn kó jọ ṣùṣù? Wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú omi tó ń hó. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti tó. Bí kò bá sí, omi ẹ̀rọ lásán dáa. Ẹ má sè é. Ẹ má lọ̀ ọ́. Ẹnì kan bi mí rí bóyá òun lè fi sitáàṣì sí i kó lè dúró. Sitáàṣì kẹ̀! Àgbádá ni?

Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyí. Bí a bá ti ń ṣíwọ́, kí pólíṣì tó gbẹ mọ́ ọn, mo ti jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni: èyí tí a fi nu ọ̀dà wà nínú ọ̀kan, èyí tí a fi nu ríìmù àti ẹ́ńjìnnì wà nínú èkejì, wọn ò gbọ́dọ̀ fojú kan ara wọn. Ọṣẹ olómi ni mo ń lò, díẹ̀ báyìí. Bó bá jẹ́ ọṣẹ oníyẹ̀fun ló wà nílé, ẹ kọ́kọ́ pò ó nínú omi títí kò fi ní ku hóró kankan, torí hóró ọṣẹ tó bá há sínú aṣọ, iyanrìn ni ẹ fi rọ́pò iyanrìn. Hypo àti Jik, rárá. Mo máa ń rún un nínú omi ni, mi ò kì í bó o lọ́wọ́ bíi ṣòkòtò jíǹsì. Mo wá ń ṣan án títí omi á fi mọ́ láìní ìfófó, nítorí ọṣẹ tó bá ṣẹ́kù náà ń dí àlàfo. Bí ẹ bá ra tuntun, ẹ fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó tó kan ọkọ̀, aró àti fọ́nrán tó ń já á kúrò.

Ibi tí ẹ sá a sí ńkọ́? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí táwẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n sá sórí koríko ní káwọ́ọ̀ṣì kan. Mo gbé e sókè: èèmọ́! Èèmọ́ ló lẹ̀ mọ́ ọn kítikìti, tí ọmọ náà sì fẹ́ fi nu Camry dúdú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣa èèmọ́ ọ̀hún, bí mo ṣe ń fa ọ̀kan ni fọ́nrán ń bá a jáde. Mi ò sá a sórí koríko, mi ò sá a sórí fẹ́ǹsì tó ní símẹ́ńtì tó ń bù. Okùn, lábẹ́ òjìji, níbi afẹ́fẹ́. Bó bá gbẹ, ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí, kì í ṣe bùùtù ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì.

Bó bá bọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ó ti kúrò lórí ọ̀dà lọ́jọ́ yẹn. Kò sí "jẹ́ kí n gbọ̀n ọ́n". Fífọ̀ ni, kí ẹ tó tún lò ó.

Èyí tó ti kún fún ọ̀rá tẹ́lẹ̀, ẹ gbìyànjú fínígà funfun: ife kan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, kó rẹ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tún un fọ̀, kí ẹ ṣan án. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ kán omi sí i. Bí omi bá wọlé, ẹ dúpẹ́. Bó bá jókòó sórí ẹ̀ tó ń wò yín, ẹ mú sísọ́ọ̀sì, kí ẹ gé igun ẹ̀ kan. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ mi nìyẹn: èyí tí a gé igun ẹ̀ kan, ríìmù àti táyà ló wà fún; èyí tí a gé igun ẹ̀ méjì, ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó lè ní òun ò mọ̀, bó ti wù kí ojú ọjọ́ ṣú tó. Èyí tó bá ti gan nítorí iná, bíi ti ọwọ́ ọ̀tún mi yìí, fínígà ò ní ràn án lọ́wọ́. Igun méjì ni tirẹ̀.

Ẹ kọ ìbéèrè yín sísàlẹ̀. Gíláàsì la máa fọwọ́ bà nínú fídíò tó kàn, ẹ wá aṣọ tó fẹ́lẹ́ sílẹ̀.