Ilé Ìyá Àgbà Lórí Tábìlì Mi

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo díẹ̀díẹ̀, òjò Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń lu fèrèsé. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ wà lórí tábìlì níwájú mi: ilé ọmọláńgidi kan.

Níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù ní Peckham ni mo ti rà á. Ilé òyìnbó ni, alájà méjì, gbogbo iwájú rẹ̀ ń ṣí bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Òrùlé ti ya, pépà ara ògiri ti ń bó, ọmọ kan sì ti fi kíréyọ̀nù kọ jágajàga sí yàrá òkè. Mo kọ́kọ́ fẹ́ tún un ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti kànrìnkàn bó pépà, tí pákó fara hàn, ọkàn mi lọ sí ilé Ìyá Àgbà ní Ọjà'ba, nísàlẹ̀ òkè Màpó ní Ìbàdàn. Wọ́n ti wó ilé yẹn. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò inú rẹ̀. Ni mo bá pinnu láti sọ ilé ọmọláńgidi yìí di ilé Ìyá Àgbà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà àtijọ́. Òjé lè wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á; ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ bo imú, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Ìwọ̀n 1:12 ni ọ̀pọ̀ ilé ọmọláńgidi ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà: íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìwọ̀n yìí ló dá mi lágara, òun náà ló sì ṣe mí lóore. Mo mọ̀ pé àmù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àmọ́ báwo ló ṣe ga tó? Mo dìde dúró, mo rántí pé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, etí rẹ̀ kàn mí láyà. Mo fi téèpù wọn ọmọ ọdún méje tó wà nínú ilé wa, mo pín in sí méjìlá. Báyìí ni mo ṣe rí àmù mi.

Páànù òrùlé ló gbà mí lásìkò jù. Abọ́ fọ́ìlì tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ ni mo gé. Mo to igi sùúyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo tẹ fọ́ìlì mọ́ ọn lórí títí ó fi dà bíi páànù. Lẹ́yìn náà mo kùn ún ní ọ̀dà pupa rúsúrúsú, nítorí páànù ilé wa ti dípẹtà kí wọ́n tó bí mi. Fún ògiri, mo po iyanrìn kíkúnná mọ́ ọ̀dà, kó lè rí gbàgẹ̀rẹ̀.

Mo lọ wo ilé ọmọláńgidi Ọbabìnrin Mary ní ààfin Windsor. Edwin Lutyens ló yàwòrán rẹ̀, láàárín 1921 sí 1924 ni wọ́n sì ṣe é, ìwọ̀n 1:12 náà ni. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ omi rẹ̀ kó lè máa yọ omi ní tòótọ́. Mo dúró pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo kan ẹ̀rọ omi kan mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì gbé dúróọ̀mù sísàlẹ̀ rẹ̀, torí dúróọ̀mù yẹn ni ìtàn ilé wa: bí omi bá yọ lóru, gbogbo wa la máa ń jí.

Mi ò fi ọmọláńgidi kankan sínú rẹ̀. Ojú ọmọláńgidi kò jọ ojú ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, sálúbàtà méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan dojú dé. Ọmọrí ìkòkò ṣí díẹ̀. Aṣọ wà lórí okùn: Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí òpó gbọ̀ngán Màpó wà nínú bátànì rẹ̀. Bátànì aṣọ gidi tóbi jù fún ilé yìí, ni mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ya àwọn òpó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kíréyọ̀nù ọmọ àná yẹn, mi ò pa á rẹ́. Àwa náà fi èédú kọ ògiri Ìyá Àgbà, wọn ò sì pa á rẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n màmá mi lórí WhatsApp. Wọ́n pè mí. Fún ìgbà díẹ̀ wọn ò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Àpótí màmá wa dà? Ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa retí wa.”

Mo ti gbàgbé àpótí yẹn pátápátá. Mo bi wọ́n léèrè bó ṣe ga tó, wọ́n ní kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ.

Mo ti gé pákó rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Íǹṣì kan ni. Bí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, màá gbé e sẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà.