Kó Tó Wù Yín Ni Kí Ẹ Dìde

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó... rárá, ẹ má jókòó. Ẹni tó bá lè nàró kó nàró, kó gbé fóònù yẹn dání, ká jọ máa sọ ọ́ lórí ìdúró.

Ọ̀rọ̀ ìrìn, eré ìdárayá àti ìsoríkọ́ ni mo mú wá lónìí. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé lọ́dún 2020, kí lẹ rò pé ó bọ́ lọ́wọ́ yín? Tí mo bá bi àwọn èèyàn báyìí, wọ́n á ní jíìmù ni, wọ́n á ní bọ́ọ̀lù tí àwọn máa ń gbá lópin ọ̀sẹ̀ ni. Irọ́! Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ wa jù lọ kò tilẹ̀ lórúkọ. Ìrìn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibi tí a ti ń wọkọ̀ ni. Àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ ni. Ká dìde lọ bá ẹnì kan ní yàrá kejì nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ju gbólóhùn méjì lọ. Ká gbàgbé nǹkan sílé, ká sáré padà lọ mú un. Kò sẹ́ni tó ń ka ìwọ̀nyí kún eré ìdárayá, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń mú ara wa ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀.

Àwọn oníwádìí kan kó òǹkà ìṣísẹ̀ jọ láti orí fóònù àwọn èèyàn tó lé ní 455,000, ní orílẹ̀-èdè 187. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọ̀rọ̀ Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn kárí ayé. Láàárín ọjọ́ 10, ìṣísẹ̀ tí èèyàn ń rìn lóòjọ́ ti fi nǹkan bí 287 dín. Ẹ ní kò tó nǹkan? Ó dáa. Láàárín ọjọ́ 30, ó ti fi 1,432 dín, ìyẹn sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìrìn wọn lọ. Ní Ítálì, níbi tí wọ́n ti sé àwọn èèyàn mọ́lé pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ní Sweden, tí ìjọba kò fi bẹ́ẹ̀ ti ìlú pa, ó dín ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 péré. Ara kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, ìlẹ̀kùn ló yàtọ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àìbalẹ̀ ọkàn àti ìsoríkọ́ fi ìdá 25 nínú 100 pọ̀ sí i kárí ayé. Ẹ gbọ́ mi yé o: mi ò sọ pé àìrìn ló fa gbogbo rẹ̀. Ikú wà ńbẹ̀. Ìdáwà wà ńbẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ká ní a fò sókè sódò díẹ̀ ni, ìbànújẹ́ ò ní dé, ẹ sá fún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọjọ́ tí ẹrù dé gan-an ni wọ́n gba òṣùká lórí wa.

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wò mí tipẹ́, ẹ ti mọ̀ pé mi ò lè ṣàlàyé nǹkan kí n má mú mọ́tò wọ̀ ọ́. Ẹ fara dà á.

Ẹ gbé mọ́tò kan kalẹ̀, ẹ fi aṣọ bò ó fún oṣù mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò fi gbá ògiri, ẹnikẹ́ni ò dẹ́rù pa á. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ní kẹ́ ẹ sitáàtì rẹ̀, ká-ká-ká, ó dákẹ́. Bátìrì ti kú. Ta ló pa á? Àìlò ni. Ẹ dúró ńbẹ̀, ibi tó dùn ṣì ń bọ̀. Kí ló ń dá iná padà sínú bátìrì mọ́tò? Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ni! Ẹ́ńjìnnì ló ń yí, iná ń wọlé. Ǹjẹ́ ẹ ti rí awakọ̀ kan rí tó jókòó sẹ́yìn ìdarí, tó wá ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí bátìrì yìí kọ́kọ́ kún fúnra rẹ̀ ná, màá wá sitáàtì"? Títí ayé ló máa jókòó síbẹ̀.

Ohun tí ẹ̀yin àti èmi sì ń ṣe nìyẹn. "Tó bá ti wù mí, màá jáde." "Lọ́jọ́ tí ara mi bá yá, màá bẹ̀rẹ̀." Ìsoríkọ́ fúnra rẹ̀, ìfẹ́ nǹkan ló máa ń kọ́kọ́ pa. Ẹni tí nǹkan kan ò wù mọ́, tó wá ń dúró dìgbà tó máa wù ú, ọjọ́ wo ló máa dìde?

IBÍ NI GBOGBO WA TI Ń ṢÌ Í. Ẹ MÁ DÚRÓ KÓ WÙ YÍN. Mo tún un sọ: Ẹ MÁ DÚRÓ KÓ WÙ YÍN! Ẹ dìde láìwù yín, kí ìfẹ́ wá bá yín lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń tọ́jú ìsoríkọ́ mọ èyí dáadáa. Wọ́n máa ń bá ẹni tí wọ́n ń tọ́jú kọ ohun kékeré kan sílẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, dé ìkóríta kí o padà. Tí aago mẹ́rin bá ti lù, kò sẹ́ni tó ń bi ọkàn léèrè bóyá ó fẹ́. Ẹsẹ̀ ti wà nínú bàtà.

Tí bátìrì bá wá kú pátápátá ńkọ́? A máa ń ti mọ́tò ni. Ẹnì kan á wà lẹ́yìn. Torí náà, ẹ wá ẹni tó máa pè yín, tó máa ní, "Mo ti wà níta, jáde." Tí ìbànújẹ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, tí oorun àti oúnjẹ ti dàrú, tàbí tó bá ń ṣe yín bíi pé kẹ́ ẹ má sí láyé mọ́, ẹ lọ bá dókítà, ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la. Ìrìn kò rọ́pò ìyẹn.

Àṣìṣe kejì nìyí, èmi ni mo sì jẹ̀bi rẹ̀ jù. Oṣù Kẹrin ọdún 2020, mo ti wà nílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo wá pinnu lọ́jọ́ kan pé mo fẹ́ san gbogbo gbèsè eré ìdárayá tí mo ti jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo wá okùn tí wọ́n fi ń fò, mo fò ó títí mo fi ń rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń fi ìdí sọ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Okùn yẹn ṣì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn mi. Mo máa ń kí i tí mo bá ń kọjá.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀yin náà mọ ìyókù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin méjì hàn yín nínú oṣù kónílé-ó-gbélé yẹn. Ọ̀kan wà ní Faransé. Bálíkónì ilé rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 7 lọ, ó sì sá máráthọ́ọ̀nù, kìlómítà 42 ó lé, lọ sí iwájú lọ sí ẹ̀yìn lórí rẹ̀. Ó lé ní wákàtí mẹ́fà. Ìkejì ni Tom Moore, sójà àtijọ́ kan ní England, ẹni ọdún 99, tó ń fi irin ìrànwọ́ rìn. Ó ní òun fẹ́ rin ìlà ọgbà òun lọ́nà 100 kí òun tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì ń rìn ín díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ó parí rẹ̀ kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé, owó tó sì kó jọ fún ìtọ́jú ìlera lé ní mílíọ̀nù 30 pọ́ùn. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin bálíkónì yẹn o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, bàbá yẹn ni kẹ́ ẹ fara wé.

Ara tí a gbé kalẹ̀ yára bàjẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Lọ́dún 1966, ní Texas, wọ́n dá ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún, ẹni ogún ọdún, dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n tún wá wọn kàn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ba agbára iṣẹ́ ara wọn jẹ́ ju ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi dàgbà lọ! Ẹ má ì sunkún. Wọ́n fi oṣù mẹ́fà ṣe eré ìdárayá, wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, agbára èémí tí ọgbọ̀n ọdún kó lọ sì padà sí ara àwọn àgbààgbà yẹn. Kíákíá ló ń lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń bọ̀.

Tí a bá ń ṣe eré ìdárayá, kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú orí? Kíá ni màá ṣe èyí. Gbogbo ayé ló ń pariwo endorphin, kẹ́míkà inú ara tí wọ́n ní ó ń mú inú èèyàn dùn. Ó wà lóòótọ́, àmọ́ èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í rọrùn fún láti wọ inú ọpọlọ. Ohun tí àwọn ìwádìí ń tọ́ka sí jù báyìí ni endocannabinoid, kẹ́míkà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè, tó bá ti inú igbó tan. Bẹ́ẹ̀ ni, igbó tí wọ́n ń mu! Ara yín ń ṣe tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ọlọ́pàá tó máa béèrè. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ sì ń yí padà. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011, wọ́n pín àgbàlagbà 120 sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń rìn, apá kejì kàn ń na iṣan. Lẹ́yìn ọdún kan, ibi tí ìrántí ń gbé nínú ọpọlọ, hippocampus, fi ìdá 2 nínú 100 tóbi sí i lára àwọn tó rìn. Lára àwọn yòókù, ó súnkì.

Ẹ rántí pé ìrìn ni wọ́n rìn. Ìrìn lásán!

Ìwádìí mìíràn wà, ti ọdún 1999. Ẹni 156 tó ní ìsoríkọ́, tí wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n fún àwọn kan lóògùn, àwọn kan ń ṣe eré ìdárayá, àwọn kan ń ṣe méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olóògùn ló kọ́kọ́ yára rí ìtura. Mo ti mọ ohun tí ẹnì kan ń rò báyìí. Má ṣe é! Ẹni tó ń lo oògùn kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí fídíò mi. Dókítà yín ló ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó dáa, mélòó ló tó? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àárín àjàkálẹ̀ àrùn náà gan-an, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà tuntun jáde: fún àgbàlagbà, ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, eré tí kò le jù. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ẹ lè sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é, àmọ́ ẹ ò lè kọrin. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù ni ohun tí wọ́n yọ kúrò. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní tí kò bá pé ìṣẹ́jú 10 ní ìjókòó kan, kò wọ inú ìṣirò. Wọ́n ti yọ ọ́! Ìṣẹ́jú méjì wọ ìṣirò. Àtẹ̀gùn ẹ̀ẹ̀kan wọ ìṣirò. Ìyẹn àwọn nǹkan tí kò lórúkọ tí mo kà níbẹ̀rẹ̀. ÌṢẸ́JÚ MÉJÌ WỌ ÌṢIRÒ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Ìlẹ̀kùn ti ṣí. Àmọ́ ìrìn wa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yín ṣì ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí kọ̀ǹpútà, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án. Mo ti ka tèmi. Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé, ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀, mo máa ń múra, mo máa ń ti ìlẹ̀kùn, mo máa ń "lọ síbi iṣẹ́": màá rìn yí àdúgbò ká fún ìṣẹ́jú 10, màá wá padà wọ ilé kan náà. Mo ti dé ọ́fíìsì nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó sì ń wọ ojú ń bá aago inú ara tún ara rẹ̀ ṣe, oorun alẹ́ a sì dára. Tí fóònù bá dún, mo ti dìde. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó gba ìpè mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yọ sọ́tọ̀. Ẹni tí Kòrónà ti ṣe rí, tí kò sì tíì bọ̀ sípò, tó jẹ́ pé bó bá ṣe làálàá díẹ̀ lónìí, ọ̀la tàbí ọ̀túnla ni àárẹ̀ á wá gbé e ṣánlẹ̀. Gbogbo "ẹ dìde láìwù yín" tí mo ń pariwo, ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí. Tìrẹ kì í ṣe àìwù. Sinmi kí ó tó rẹ̀ ọ́, kí dókítà bá ọ wọn ìwọ̀n tí ara rẹ lè gbé.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ wo aago. Ẹ mú wákàtí kan lónìí, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kẹ́ ẹ kọ ibi tí ẹsẹ̀ yín máa dé sí i, kó má jìnnà. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò yìí náà, màá máa ka á bí mo bá ń rìn lọ́la. Èmi ti dúró sójú kan níwájú kámẹ́rà yìí pẹ́ jù, ẹsẹ̀ mi òsì ti ń kú. Ẹ wò ó, kò wù mí rárá. Mò ń lọ.