Ọkọ̀ tí gbogbo ayé dúró dè ní Kútọnu

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù kẹrin ọdún 2001. Àwọn oníròyìn ti kún èbúté Kútọnu fọ́fọ́. Ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Etireno ni wọ́n ń dúró dè. Ìròyìn ti kárí ayé pé ọmọdé bíi 200 sí 250 ló wà nínú rẹ̀, pé wọ́n fẹ́ lọ tà wọ́n lẹ́rú. Gàbọ̀n kò gbà á, Kamẹrúùnù náà lé e padà. “Ọkọ̀ ẹrú” ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá sì mọ ìtàn etíkun wa, láti Ouidah dé Àgbádárìgì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn.

Òru ni ọkọ̀ náà gúnlẹ̀. Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kankan níbẹ̀. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú èrò ọkọ̀; àwọn ọmọdé tí wọ́n rí kò tó 50. Àwọn kan ní àhesọ lásán ni, àwọn mìíràn ní bóyá ọkọ̀ mìíràn ló wà lójú agbami. Kò pẹ́ tí àwọn oníkámẹ́rà fi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

Ó mà ṣe o, torí ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn-ún gbọ́. Nígbà tí àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé fara balẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, ó hàn pé àwọn kan nínú wọn wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń kó wọn lọ ṣe ní Gàbọ̀n. Àdéhùn àgbáyé lórí fífi ènìyàn ṣòwò, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Palermo ní Ítálì ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, sì ti là á kedere: tó bá ti jẹ́ ọmọdé, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá okùn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e kúrò nílé láti lọ jẹ èrè lára rẹ̀ ti fi ènìyàn ṣòwò.

Vidomègon ni àwọn Fọ̀n ń pe ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwa náà ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí: àǹtí kan wọlé, ó kí ìyá ọmọ tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, “Ẹ fún mi lọ́mọ yìí, màmá, màá fi síléèwé.” Ó ra bàtà tuntun fún un. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú lọ sí èbúté.

Ká ní oníròyìn kan ya fọ́tò wọn lọ́jọ́ náà, “ìyá àti ọmọ” ni ì bá kọ sábẹ́ rẹ̀.