Ta Ló Sọ̀rọ̀? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Script Python Tó Ń Pàṣẹ fún Excel àti Àwọn Ará Ilé Windows Yòókù

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìí, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Bódìjà, níwájú àwọn òṣìṣẹ́ akáǹtì, àwọn akọ̀wé ilé-ìwé àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kóòdù. Mo ti gé e kúrú díẹ̀. Àwàdà tó kù nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ò ká a.

Ẹ káàsán o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ìwó Road wá, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ àmàlà kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn mọ́ mi lójú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú ti tì mí. Mo kọ script kan, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí mo fi èdè Python kọ fún kọ̀ǹpútà, nígbà kan fún ọ́fíìsì kan nígboro Ìbàdàn níbí. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó ṣí Excel, kó kọ owó oṣù àwọn èèyàn síbi tó yẹ, kó tọ́jú fáìlì náà, kó sì ti Excel padà. Lórí láptọ́ọ̀pù tèmi, kí n tó mu omi tán ó ti parí. Ní ọ́fíìsì wọn, ó bẹ̀rẹ̀, kò parí. Kò ní òun ṣàṣìṣe, kò ní òun ò ṣe é. Ó kàn dákẹ́ bí ọmọ tó fọ́ àwo. Mo yọ Python kúrò, mo tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wọn dúró lẹ́yìn mi, ó ń mí kanlẹ̀.

Nígbà tó sú mi, mo fi ìlà kan ṣoṣo kún un: `excel.Visible = True`. Excel bá yọjú. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀? Àpótí ìbéèrè kékeré kan ni: fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ yìí ti wà nílẹ̀, ṣé kí n fi tuntun rọ́pò rẹ̀? Láti àárọ̀ ló ti ń bi wá, nínú òkùnkùn, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó. Mo ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ hàn, EXCEL.EXE 11 ló tò lọ rẹrẹẹrẹ, kálukú wọn ń dúró de ẹni tó máa bá a tẹ Yes.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá lónìí, màá sì wí i títí ẹ ó fi ní ó tó: kẹ́ ẹ tó dá Python lẹ́bi, ẹ béèrè pé ta ló sọ̀rọ̀.

Python ò mọ Excel rí. Alárinà kan ló wà láàárín wọn, COM lorúkọ rẹ̀, Microsoft ló gbé e jáde ní 1993. pywin32, àfikún Python tí Mark Hammond bẹ̀rẹ̀, ni a fi ń bá alárinà náà sọ̀rọ̀ láti inú Python. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìdána rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí bàbá ìyàwó bá ní ẹrù tẹ́ ẹ gbé wá kò pé, alárinà ló máa jíṣẹ́ fún yín. Kí lẹ wá ń ṣe? Ẹ lé alárinà lọ, ẹ mú òmíràn, ẹ sì tún gbé ẹrù kan náà padà. Ohun tẹ́ ẹ ń pè ní "mo tún Python fi sórí ẹ̀rọ" nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nílùú yìí tó ń gbowó lórí rẹ̀. Mi ò dárúkọ.

Ẹ wo nọ́ńbà àṣìṣe yìí, -2147352567. Ẹ má purọ́, gbogbo yín lẹ ti rí i. Nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ ò sọ nǹkan kan, "Exception occurred" ló wà nídìí rẹ̀, ìyẹn ni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwa náà mọ̀! Ṣùgbọ́n ẹ má dúró níbẹ̀, ẹ ka ohun tó wà nínú àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní excepinfo. Ohun kejì nínú rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀: "Microsoft Excel". Ẹ̀kẹta ni ohun tó sọ gan-an: òun ò rí fáìlì, tàbí wọ́n ti ti sheet náà pa, kò ṣeé kọ nǹkan sí. Wọ́n ti sọ tẹnu wọn tán, ẹ̀yin ń ka nọ́ńbà. Ẹni tó bá wá lọ kọ `except: pass`, ìyẹn ni pé kí Python gbójú fo àṣìṣe, ó ti fi ọwọ́ bo alárinà lẹ́nu, kò gbọdọ̀ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ẹnìkan á ní, "Fáìlì náà wà níbẹ̀, mo ń fojú ara mi wò ó." Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ń wò ó. Ìwọ àti script rẹ dúró sí Dùgbẹ̀, Excel dúró sí Mọ́níyà. Tó o bá ní kó ṣí `owo_osu.xlsx` lásán, ibi tóun dúró sí ló máa wò, kì í ṣe ibi tí script wà. Fi `os.path.abspath` fún un ní àdírẹ́sì náà pé pérépéré.

Èyí tó ní -2147418111, "Call was rejected by callee", ọwọ́ Excel ló dí. Nígbà mìíràn, ẹnìkan ló tẹ cell kan lẹ́ẹ̀mejì, tó wá jáde lọ ra ẹ̀wà. Kò lè gba àṣẹ lọ́wọ́ yín títí onítọ̀hún á fi padà. Ẹ jẹ́ kó hàn, ẹ ó rí i.

Àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ alárinà rárá. Wọ́n á ní pyautogui, tó ń bá èèyàn tẹ máùsì, tó àwọn: lọ sí ibi 640, 410 lójú ẹ̀rọ, kó o tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ rántí bí a ṣe ń júwe ọ̀nà n'Íbàdàn? "Tẹ́ ẹ bá ti rí ìyá alákàrà, ẹ yà sápá òsì." Ọjọ́ tí ìyá alákàrà ò bá jáde ńkọ́? Bí wọ́n bá mú ohun ojú ẹ̀rọ tóbi di 125%, bọ́tìnì Cancel lẹ máa tẹ̀. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ lo pywinauto, ó lè fi orúkọ wá bọ́tìnì. (Arákùnrin kan níwájú mi orí níbí. Mo mọ ohun tó ń lò.)

Ibí ni arábìnrin kan tó ń ṣe ìwé owó fún ilé-ìwé kan ti nawọ́, ó sì ba ètò mi jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ fúnra mi lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́. Mo wá ní kí Task Scheduler máa bá mi ṣe é ní aago 2 òru, ìgbà yẹn ni iná máa ń wà. Tí mo bá jí, mi ò ní bá nǹkan kan. Mo sì ti fi Visible sí i bẹ́ẹ ṣe wí. Ta ló máa wá rí i ní aago 2 òru?"

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ó ti yan "Run whether user is logged on or not". Iṣẹ́ tó bá ń lọ báyẹn, inú session 0 ló ti ń lọ. Láti ìgbà Windows Vista ni wọ́n ti ya yàrá yẹn sọ́tọ̀ fún àwọn service, ìyẹn àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Windows. Yàrá tí kò ní fèrèsé ni. Bí Excel bá béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀, títí ayé ni. Microsoft fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti máa lo Office bẹ́ẹ̀, àwọn ò sì ní ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Mo ní kó yan nínú méjì. Kó yí i sí "Run only when user is logged on", kó má jáde nínú àkáǹtì rẹ̀ lálẹ́. Ó lè ti ojú ẹ̀rọ náà. Tàbí kó kúrò lọ́dọ̀ Excel pátápátá, nítorí zip tí XML kún inú rẹ̀ ni fáìlì xlsx, openpyxl, àfikún Python mìíràn, sì lè kà á láìsí Excel. Ṣùgbọ́n openpyxl kì í ṣírò: SUM tó bá kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa wà títí Excel á fi ṣí i. Òun ní kò sí wàhálà, Python ló ń bá a ṣe ìṣirò náà tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ti ń fi ìka márùn-ún hàn mí látẹ̀yìn, nítorí náà ìyókù yára. "Invalid class string", -2147221005: Windows ò mọ orúkọ tẹ́ ẹ pè. Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ náà ní software yẹn, kẹ́ ẹ wá wo bóyá Python yín jẹ́ 64-bit tí component (ẹ̀yà software náà tẹ́ ẹ ń pè) sì jẹ́ 32-bit. Tẹ́ ẹ bá ń lo thread, ìyẹn iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú script kan, ẹ pe `pythoncom.CoInitialize()` nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń pariwo `CLSIDToClassMap`, ẹ pa fódà gen_py, níbi tí pywin32 ń tọ́jú ohun tó ti kọ sílẹ̀, rẹ́, á tún ara rẹ̀ kọ. Ẹ fi `DispatchEx` ṣí Excel tiyín, kẹ́ ẹ sì fi `Quit` sínú `finally`, kó lè ti Excel náà bó bá tilẹ̀ ṣàṣìṣe. Ẹ má fi taskkill pa gbogbo EXCEL.EXE, iṣẹ́ ẹlòmíì tí kò tíì tọ́jú á bá a lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, arábìnrin náà fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ti gbé gbogbo rẹ̀ sórí openpyxl, Task Scheduler sì tún ti kùnà ní òru. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Sà, ta ló sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí o?"

FileNotFoundError ni. Python fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, kò rán alárinà. Orí `Z:` ni fáìlì náà wà, ìyẹn fódà kọ̀ǹpútà ọ̀gá wọn tí wọ́n so mọ́ tirẹ̀. Ìgbà tóun bá wọlé lọ́sàn-án ni `Z:` máa ń wà; iṣẹ́ òru ò mọ lẹ́tà yẹn rárá. Mo ní kó yọ `Z:`, kó kọ orúkọ kọ̀ǹpútà ọ̀gá náà gan-an, pẹ̀lú `\\` níwájú rẹ̀ àti orúkọ fódà náà lẹ́yìn rẹ̀, kó sì rí i pé àkáǹtì tí iṣẹ́ náà ń lò ní àṣẹ láti wọ ibẹ̀.

Ní aago 2 òru ọjọ́ kejì, ó ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rí i.